Kí Ẹ Tó Pa Ọ̀já Ọmọ Láró

Ẹ̀yin aya ilé, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ dákun, ẹ wo ọ̀já tí ẹ fi pọn ọmọ yín lónìí. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kejì tàbí ìkẹta ni ẹ ń fi í pọ̀n, àfàìmọ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ má ti ṣá. Oòrùn ti jẹ ẹ́, ìtọ̀ ọmọ ti rin ín ní ìgbà àìmọye, ọṣẹ sì ti bọ́ èyí tí ó kù nínú àwọ̀ náà dànù. Obìnrin tí ó mọyì ara rẹ̀ kì í sì í fẹ́ gbé ọ̀já tí ó ṣá dé òde ìkómọ. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a ra aró lọ́jà, kí a pa ọ̀já náà láró nínú ilé, kí ó padà di tuntun. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ohun tí ojú mi sì rí ni ó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín.

Àkọ́bí mi kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án nígbà náà. A ń múra òde, mo sì fẹ́ kí ọ̀já mi bá aṣọ ẹbí wa mu, ìyẹn ni pé kí ó pọ́n fòò. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ìyeyè ni ọ̀já náà ní tẹ́lẹ̀. Kí àwọ̀ àtijọ́ lè kúrò, mo da bílíìṣì sínú omi, n kò wọ̀n ọ́n, ojú lásán ni mo fi díwọ̀n rẹ̀. Mo rẹ ọ̀já sínú rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó funfun báláú. Mo wá pa á láró pupa, ó sì dára débi pé àwọn obìnrin ilé wa ń béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ti ṣe é. Mo lọ òde náà, mo sì bọ̀ láìséwu.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi láti gbé bokíti, ọmọ sì wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ohun kan tí ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ń ya ìwé. Kí n tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọmọ ti ń yọ̀ bọ́ sí ìbàdí mi. Ọlọ́run ló ní kí ìyá ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi, òun ni ó gbá ọmọ náà mú ní ẹsẹ̀ kan àti apá kan. Ẹkún ìjayà nìkan ni ọmọ sun, kò fara pa. Nígbà tí àyà wa balẹ̀, a yẹ ọ̀já náà wò. Kì í ṣe ojú ìránṣọ ni ó ti ya, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi tí mo máa ń ta ní kókó. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ó ti là sí méjì. Ìyá ọkọ mi fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀lá já òwú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń já ewé gbígbẹ.

Aláró ni ìyá náà kí ara tó di ara àgbà. N kò gbàgbé pé kò bá mi wí rárá. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Ìyàwó mi, àwọ̀ ni o wò, o kò wo òwú.”

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Kò sì mọ irú okùn tí ó gbé òun dúró. Ọ̀já kì í ṣe aṣọ ẹ̀ṣọ́ bíi gèlè, tí ó jẹ́ pé bí ó bá ya, ìtìjú díẹ̀ ni yóò fà. Ara àwọn ohun tí ẹ̀mí ènìyàn so rọ̀ mọ́ ni. Igbà akọpẹ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wo akọpẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: kí ó tó fi igbà kọ́ ọ̀pẹ, yóò fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì fi ìwúwo ara rẹ̀ fà á. Kò bìkítà bí igbà náà bá dúdú tàbí ó pọ́n.

Ní òkè-òkun, àwọn kan wà tí gígun orí òkè àti àpáta jẹ́ eré ìdárayá fún. Okùn tí wọ́n ń lò máa ń ní àwọ̀ tí ń tàn yanran, pupa, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ọsàn, nítorí pé bí okùn méjì bá wà lára àpáta, ó yẹ kí wọ́n lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì ní wàrà. Ní 1953 ni ilé-iṣẹ́ Edelrid ní Jámánì ṣe irú okùn yìí tí ó ní inú àti èèpo. Àwọn fọ́nrán tí ó wà nínú ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù, èèpo tí a hun yí i ká ni ó ń dáàbò bò ó, èèpo yìí náà ni ojú ń rí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn agunkè mìíràn fẹ́ràn láti fi kálàmù onítàdáwà kun àárín okùn wọn kí wọ́n lè mọ ibi tí ó dé ìdajì. Àjọ àwọn agunkè lágbàáyé tí a ń pè ní UIAA kìlọ̀ fún wọn, nítorí ìdánwò fi hàn pé irú àmì bẹ́ẹ̀ lè dín agbára okùn kù níbi tí a kùn náà títí dé ìdajì. Tàdáwà kálàmù lásán ni èyí o! Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe okùn náà fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á láró nínú ilé.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa kì í ṣe “Àwọ̀ wo ni mo fẹ́?” bí kò ṣe “Kí ni wọ́n fi hun ọ̀já mi?” Ní ayé àwọn ìyá wa, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà, òwú ni. Lóde òní, ẹni tí ń tajà gan-an lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ ní etí ọ̀já náà. Ẹ fi ẹ̀mú gbé e, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán mú un, kí ẹ sì ṣáná sí i lórí àwo tánganran, níbi tí ọmọ kò sí. Bí ó bá jó wéréwéré, tí ó ń rùn bí ìwé tí ń jó, tí eérú rẹ̀ sì kúnná, tí ó rọ̀, òwú ni. Bí ó bá ń rùn bí irun tí iná jó, sílíkì tàbí irun àgùntàn ni. Bí ó bá ń súnkì, tí ó ń yọ́, tí ó sì wá di kókó líle bí ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tí ó tutù, náílọ́nù tàbí pólíẹ́sítà ni, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wọn. Bí ẹ bá rí eérú, tí ẹ sì tún rí kókó líle, a jẹ́ pé àdàlù ni.

Ìdánwò kékeré yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ohun tí òwú fẹ́ràn ni sílíkì kórìíra. Òwú kò bẹ̀rù omi eérú, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rù sóódà. Ní 1844 ni John Mercer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkíyèsí pé kọ́sítíìkì sóódà tí ó le máa ń mú kí fọ́nrán òwú wú, kí ó lágbára sí i, kí ó sì gba aró dáadáa. Àwọn ọ̀tá òwú ni ásíìdì líle àti bílíìṣì. Àwọn wọ̀nyí máa ń gé fọ́nrán náà sí wẹ́wẹ́ láti inú wá, láìsí pé ojú rí nǹkan kan, bí ó ti ṣe sí ọ̀já tèmi. Sílíkì àti irun àgùntàn ní tiwọn lè gba ọtí kíkan díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì sóódà máa ń yọ́ wọn bí iyọ̀ inú omi. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ojúlówó sányán tí ìyá ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín, èyí tí a fi òwú kòkòrò inú igbó hun, ẹ má ṣe jẹ́ kí aláró oníkọ́sítíìkì fọwọ́ kàn án. Bákan náà ni àlàárì àtijọ́, tí sílíkì pupa rẹ̀ ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sọ́dọ̀ wa. (Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní àlàárì nísinsìnyí kì í ṣe sílíkì mọ́; ẹ ṣáná sí fọ́nrán rẹ̀ wò kí ẹ tó san owó ńlá.)

Náílọ́nù máa ń gba irú aró tí a ń fi ọtí kíkan sè lórí iná. Pólíẹ́sítà kì í gba aró inú ilé rárá àfi aró tirẹ̀ tí ó nílò ooru púpọ̀. Ní ti okùn rọ́bà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí ó máa ń léfòó lójú omi, kò sí aró kankan tí yóò mú un, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń yọ́ rọ́bà náà ni wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ ọn. Mo ti rí obìnrin tí ó se irú okùn bẹ́ẹ̀ nínú aró láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Owó igi ìdáná rẹ̀ ni ó ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òwú, nítorí òwú ni ọ̀já tí ó dára jù, òun ni ó sì rọrùn jù láti pa láró. Àwọn ìyá wa kò lo ohun mìíràn ju èlú lọ. Wọn a já ewé èlú tútù, wọn a gún un nínú odó, wọn a mọ ọ́n ní róbótó, wọn a sì sá a títí yóò fi gbẹ. Wọn a jó igi di eérú, wọn a rọ eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, wọn a máa da omi sí i kí omi eérú lè máa ro sínú ìkòkò tí ó wà nísàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni èlú yóò ti kan fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn rẹ̀ kò dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ṣùgbọ́n òórùn náà gan-an ni aláró fi ń mọ̀ bí aró bá ti tó rẹ. Bí wọ́n bá yọ aṣọ jáde, àwọ̀ ewé tí ó jọ ìyeyè ni yóò ní. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni, ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọn a tún rì í, wọn a tún yọ ọ́, títí yóò fi dúdú bí wọ́n ti fẹ́. Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí ń pa òwú lára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀já aró ìyá àgbà fi máa ń pọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró èlú tí a ṣe láìlo ewé. Nígbà tí irú aró bẹ́ẹ̀ àti kọ́sítíìkì sóódà dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àríyànjiyàn ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn kan ní àwọn èlò tuntun náà ń ba adìrẹ jẹ́, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fòfin de lílò wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé e lórí ní 1936. Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì ni ó ní ohun tí ó rí. Sóódà nìkan kọ́ ni ó ń ba òwú jẹ́. Ìkánjú ni, àti àìṣan aṣọ dáadáa lẹ́yìn aró. Ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà nínú kọ́sítíìkì, èyí tí ó ju ti aṣọ lọ fíìfíì. N óò bọ̀ sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹni tí ó fẹ́ pa ọ̀já kan ṣoṣo láró kò nílò kọ́sítíìkì rárá. Láti 1956 ni irú aró kan ti wà, èyí tí ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé jáde ní orúkọ Procion. Aró yìí kò nílò iná. Inú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni ó ti ń so mọ́ fọ́nrán òwú fúnra rẹ̀, débi pé kì í tètè ṣí. Sóódà ìfọṣọ ni ó ń ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe kọ́sítíìkì sóódà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ wọn ọ̀já tàbí àwọn aṣọ tí ẹ fẹ́ pa láró ní gbígbẹ. Fún aṣọ tí ó tó ààbọ̀ kílò, lítà omi 10 ni ẹ óò lò, pẹ̀lú iyọ̀ ìdáná tí ó tó gíráàmù 400, sóódà ìfọṣọ gíráàmù 80, àti aró gíráàmù 10. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jinlẹ̀, ẹ fi aró kún un títí dé gíráàmù 20. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọ̀já náà kí òróró ara ọmọ lè kúrò, ẹ má sá a, ní tútù ni kí ó wà. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu nígbà tí ẹ bá ń bu ẹ̀tù aró, nítorí ó máa ń fò wọ imú, ó sì lè di ohun tí àyà kò fẹ́ mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ fi omi díẹ̀ po aró bí ẹni ń po èlùbọ́ kí ó má ṣe ní kókó, ẹ dà á sínú omi oníyọ̀ nínú bokíti rọ́bà, ẹ sì ti ọ̀já bọ̀ ọ́. Ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ̀já sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi omi gbígbóná yọ́ sóódà, ẹ dà á sínú aró, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tó dá ọ̀já padà. Bí ẹ bá da sóódà lé ọ̀já lórí ní tààrà, àbàwọ́n ni ẹ óò rí. Ẹ tún máa yí i lóòrèkóòrè fún wákàtí kan.

Bí àwọ̀ àtijọ́ bá ṣì wà lára ọ̀já, ẹ má ṣe bò ó pẹ̀lú agídí, ẹ má sì ṣe fi bílíìṣì lé e. Ẹ lò ó. Aró pupa lórí búlúù tí ó ti ṣá yóò di àwọ̀ àlùkò, búlúù lórí ìyeyè yóò di àwọ̀ ewé. Ká ní mo mọ èyí ní ọjọ́ kìíní ni, ọ̀já mi ìyeyè ìbá gba aró pupa, ìbá di àwọ̀ ọsàn tí ó jó geere, n kì bá sì ti bá bílíìṣì pàdé. Nígbà náà, n óò kàn bá aṣọ ẹbí jìjà díẹ̀.

Ṣíṣàn ni ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ ṣe tán. Omi tútù ni ẹ óò kọ́kọ́ fi ṣàn án títí aró yóò fi dínkù, lẹ́yìn náà omi gbígbóná àti ọṣẹ, lẹ́yìn náà omi lásán, títí omi yóò fi mọ́ gaara. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún wò. Bí aṣọ funfun bá yí àwọ̀, ẹ padà sídìí omi. Ọmọ máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọ̀já, ó máa ń làágùn sí i, ó sì máa ń fi etí rẹ̀ sẹ́nu fa bí ẹni ń fa ọyàn. Aró èlú tuntun máa ń ta sí ọmọ lára. Àwọn ìyá wa máa ń fi ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ di aró ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aró ni a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1886, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tuntun tí ètè àti ara wọn dúdú bí aró. Tàdáwà tí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ sára ìtẹ́dìí wọn ni ó fà á, nítorí wọn kò fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dì í mọ́ àwọn ọmọ náà. Májèlé inú rẹ̀ gba ara wọlé, kò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Aró tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń bù sínú ọ̀rá tà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀ fún aṣọ ẹnu ọ̀nà àti ti ojú fèrèsé.

Ó kan ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì sóódà wàyí. Ẹlòmíràn nínú yín lè máa fi iṣẹ́ aró tàbí ọṣẹ ṣíṣe jẹun, n kò sì ní sọ pé kí ẹ fi oúnjẹ òòjọ́ yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà wà níta, kí ilẹ̀kùn sì wà láàrin rẹ̀ àti ọmọ. Kọ́sítíìkì funfun bí ṣúgà. Bí a bá yọ́ ọ sínú omi, kò yàtọ̀ sí omi mímu lójú. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé e mu nínú ife tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí àgbàlagbà rọ ọ́ sí. Ó máa ń jó ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Èyí tí ó burú jù ni pé bí egbò inú bá jinná, àpá rẹ̀ a máa fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀ títí ọmọ kò fi ní lè gbé ẹ̀kọ mì mọ́, àtúnṣe rẹ̀ sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún àti iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ohunkóhun tí a fi ń mu tàbí tí a fi ń jẹun, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ gbé e mu, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ohun tí ó jó ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ẹ fi omi nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí tàbí ìgò náà dání. Bí ó bá ta sí ara tàbí ojú, omi púpọ̀ tí ń ṣàn ni oògùn rẹ̀, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ tó máa lọ. Ẹ má ṣe fi ọtí kíkan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára.

Nídìí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kọ́sítíìkì ni a ń dà sínú omi tútù, díẹ̀díẹ̀. A kò gbọdọ̀ da omi sórí kọ́sítíìkì, nítorí yóò hó lọ́gán, yóò sì ta síni lójú. A kò gbọdọ̀ lo ìkòkò alumíníọ̀mù, kọ́sítíìkì yóò jẹ ẹ́ lu, èéfín rẹ̀ sì lè gbiná. Haidirosọ́fáìtì tí àwọn aláró ń pò pọ̀ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ wà ní gbígbẹ nínú agolo tí ó dé pinpin, nítorí bí ọ̀rinrin bá kàn án, ó lè gbóná títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀já yín bá gbẹ, ẹ sá a sí ibòòji, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó fi pọn ọmọ. Ẹ so ó mọ́ òpó ilé, ẹ fi ìwúwo gbogbo ara yín fà á, ẹ sì gbọ́ bóyá yóò dún. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá fọ́nrán kan ní etí rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ já a. Bí ó bá já láìjanpata, ọ̀já náà ti di aṣọ ìnulẹ̀, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó. Mo ń ṣe ìdánwò yìí fún ọ̀já àwọn ọmọ-ọmọ mi títí di òní, àwọn ìyá wọn sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè kan ṣì kù, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n sì máa ń béèrè rẹ̀ jù. Wọ́n ní ohun ìpọnmọ tí wọ́n ń lò ní ìgbànú fífẹ̀ bíi ti àpò ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìdè rọ́bà tí ń dún pàkà, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè pa ìgbànú náà láró kí ó bá ìró àti bùbá mu. Ẹ má ṣe pa á láró. Náílọ́nù, pólíẹ́sítà tàbí rọ́bà ni wọ́n fi hun irú ìgbànú bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná lè mú kí náílọ́nù súnkì, òwú tí wọ́n fi rán an lè yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, ìdè rẹ̀ sì lè yí padà nínú ooru láìsí pé ẹ mọ̀. Ohun tí mo máa ń rán sí wọn ni èwù adìrẹ tí a rán bí àpò tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìka méjì fẹ̀ ju ìgbànú náà lọ, etí rẹ̀ kan sì ṣí sílẹ̀. Wọn a fi bò ó, wọn a sì fi bọ́tìnnì dè é. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ gún ìgbànú náà rárá. Bí ọmọ bá tutọ́ sí i, èwù náà nìkan ni wọn óò bọ́ fọ̀.